Wọ́n Ní Kí N Mu Omi, Ọ̀bẹ Ni Mo Ń Wá

Rónkẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọ̀kín,

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí, tí o bá lọ sọ ọ́ ní ọsibítù tí o wà yẹn, wọ́n á ní o ń parọ́ mọ́ bàbá ẹ. Èmi gan-an, tí kì í bá ṣe pé ara mi ló ti ṣẹlẹ̀, mi ò ní gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wa lọ́rì tòmátì láti Kánò wá sí Mile 12, tí taya bẹ́ lábẹ́ ẹ̀ ní Jẹ́bà tí kò pariwo, ohun kan tí kò tó hóró ìrẹsì ló gbé e ṣánlẹ̀ láàárín ọjà. Ó wá oríṣiríṣi ìwòsàn kiri. Omi ló pàpà wò ó sàn. Omi ni mo wí o, èyí tí à ń fi fọ àwo.

Kí n tó lọ jìnnà, kí àyà ẹ má já. Ó ti jáde, ara mi sì le koko bí ọta. Ó wà nínú ike òògùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísàn. Tí o bá wálé, màá fi hàn ẹ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ ní Ìlọrin, pé wọ́ọ̀dù àwọn tí ìtọ̀ àti kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ni wọ́n fi ẹ́ sí. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo dá rẹ́rìn-ín. Mo jáde síta, mo sọ fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Mo sọ fún fókáníṣà. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró pé ibo ni ọ̀nà Alápẹ̀rẹ̀, mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ọmọ mi ti di nọ́ọ̀sì kí n tó fọ̀nà hàn án. Ó ní òun bá mi yọ̀, ṣùgbọ́n òun ti pẹ́.

O mọ̀ pé mi ò kàwé. Ẹ̀yìn lọ́rì ni mo ti kọ́ A, B, D. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá wà níwájú mi ni mo fi ń kọ́, ọ̀rọ̀ kan lónìí, ọ̀rọ̀ kan lọ́la. Tí ọkọ̀ yẹn bá ti sáré, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Torí náà, ibi tí o bá ti rí àṣìkọ nínú ìwé yìí, ọkọ̀ ibẹ̀ ló sáré.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ ọ́, torí ìwọ ni wọ́n máa gbé àwọn èèyàn bíi tèmi wá bá báyìí. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó wà nínú orí wa. Mo sì fẹ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìdánwò àṣekágbá ẹ kù díẹ̀, o pè mí láti Ọ̀yọ́, o ní ohùn mi ò dún dáadáa, mo ní ibà ni. Kì í ṣe ibà.

Èkíní. Kí o tó bi èèyàn pé ibo ló ń dùn ún, kọ́kọ́ bi í pé iṣẹ́ kí ló ń ṣe.

Tòmátì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Látìgbà tí wọ́n bá ti já a lóko ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, gbogbo ìdúró tí o bá dúró lójú ọ̀nà, ara ẹ̀ ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwa dírẹ́bà tòmátì fi ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: tí o bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹ mọ́, àfi tí o bá dé. Obì la máa ń jẹ. Ẹni tó bá mu omi á tọ̀, ẹni tó bá ń tọ̀ á dúró, ẹni tó bá ń dúró, ọbẹ̀ ló máa kó dé Mile 12. Ọ̀kan wà láàárín wa tó máa ń dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó dé. A ń pè é ní Ẹ̀rọ-Omi. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, gbogbo gáréèjì sì bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ-Omi ṣì ń wakọ̀ títí di òní. Kò sí òkúta kankan lára ẹ̀.

Ìtọ̀ tèmi nígbà náà, bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí ló rí. Mo rò pé agbára ló pọ̀ jù lára mi.

Nítorí náà, tí ọlọ́kadà bá dé ọ̀dọ̀ ẹ, tàbí obìnrin tó ń ta ata lójú oòrùn tí kò sí ibi tó máa tọ̀ sí nítòsí, mọ̀ pé wọn ò mumi. Wọn ò ní sọ fún ẹ. Tí o bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń mumi, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Má gbà. Bi wọ́n pé ife wo, àti pé nígbà wo. Èmi náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni fún dókítà. Omi tí mo fi ń ṣan obì kúrò lẹ́nu ni mo ń sọ.

Ìkejì. Ìrora ò mọ ìwọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan ni. A ti dé, wọ́n ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì sílẹ̀, mo dúró lẹ́bàá ọkọ̀ mi ní Mile 12, mò ń pàṣẹ. Nǹkan kan gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn, lábẹ́ ìhà. Mo rò pé alábàárù kan ló fi igi gbá mi. Mo yíjú padà, kò sẹ́ni kankan. Ó tún gún mi, ó gba ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó lọ dé ibi tí bàbá kì í dárúkọ fún ọmọ ẹ̀, ṣùgbọ́n o ti di nọ́ọ̀sì, o mọbẹ̀. Mo jókòó, kò gbà. Mo dìde, kò gbà. Mo dùbúlẹ̀ sáàárín apẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tòmátì tí mo fi omi du ara mi nítorí ẹ̀, ara mi ni mo fi lọ̀ ọ́.

Àwọn alábàárù bá yí mi ká. Ọ̀kan ní wárápá ni. Ọ̀kan ní rárá, mágùn ni, pé bó ṣe ń mú wọn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi Múfú, dírẹ́bà bíi tèmi, o mọ̀ ọ́n, òun ló ra báàgì ilé ìwé àkọ́kọ́ fún ẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi létí. Ó ní, “Ìyàwó ta ni? Tètè sọ, ká lè mọ ibi tá a máa lọ bẹ̀bẹ̀.”

Mo ní ìyàwó ta ni báwo, pé ìyàwó tèmi gan-an wà ní Ìsẹ́yìn, ó ń tọ́jú ìyá ẹ̀, ó ti pé oṣù méjì tá a ti fojú kanra.

Múfú ní, “Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.”

Àwọn kan dúró títí, wọ́n ń retí kí n kọ bí àkùkọ. Nígbà tí mi ò kọ, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, inú wọn ò dùn sí mi.

Ọmọ mi, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Tí o bá rí àgbàlagbà tó ń yí nílẹ̀, má lọ wo ìwé pé òkúta ẹ̀ kéré kí o tó mọ̀ bóyá ìrora ń ṣe é. Kọ́kọ́ pe dókítà fún abẹ́rẹ́ tí yóò pẹ̀rọ̀ sí ìrora náà fún un, kí èèyàn padà di èèyàn. Ìgbà yẹn ni yóò lè gbọ́ ohun tí o bá ń sọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì ń gbàdúrà fún wọn títí di òní.

Ìkẹta, èyí ló gùn jù. Tí o bá ní kí èèyàn dúró, má pè é ní ìdúró.

Múfú ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà tó dá mi lóhùn, obìnrin ni, kò lè jù ẹ́ lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ara rọ̀ mí, wọ́n tì mí sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Ó wá pè mí kí n wá wo òkúta mi. Mo wo gilásì yẹn títí, mi ò rí nǹkan. Ó fi bíírò tọ́ka sí àmì funfun kan báyìí, mo rò pé eruku ni, mo fi fìlà mi nù ún. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọra, inú yín ló wà.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yìn tí gbogbo ẹ̀ parí ni mo wá tò wọ́n jọ, màá kọ wọ́n bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Ó ní òkúta yẹn ti kúrò nínú kíndìnrín, ó ti wọ ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà lọ sínú àpò ẹ̀, ìgbà tó bá ń fún ara ẹ̀ kọjá níbẹ̀ ló ń dùn mí. Ó ní èyí tó bá kéré báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dá jáde fúnra ẹ̀. Kì í yá. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí n máa mu omi títí ìtọ̀ mi á fi mọ́ bí omi òjò. Kí n lo òògùn ìrora tí ìgbà ìrora bá dé. Ó fún mi ní kápúsù kan tí màá máa lò lálaalẹ́ kí ọ̀nà yẹn lè rọ̀ díẹ̀. Kí n máa fi asẹ́ gba ìtọ̀ mi, kí n mú òkúta náà wá tó bá bọ́ síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ irú ẹ̀. Kí n padà wá ya àwòrán míràn lọ́jọ́ tó dá fún mi.

Ó ní tí kò bá jáde, ọ̀nà méjì ṣì wà. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń ti ìta ara lu òkúta títí á fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọn ò ní fi ọ̀bẹ kàn ẹ́. Ìkejì, wọ́n á fún ẹ ní òògùn oorun, wọ́n á ti ojú ìtọ̀ gbé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, ojú wà lórí okùn yẹn, iná tín-ín-rín wà níbẹ̀ tí wọ́n fi máa fọ́ ọ. Ó ní ikùn lílà, èyí tó tóbi gan-an ni wọ́n ń ṣe é fún, ìyẹn náà ò sì wọ́pọ̀ mọ́. Ó wá gbé ohùn sókè níbì kan: tí ibà bá dà pọ̀ mọ́ ìrora yẹn, tí mo bá ń gbọ̀n, tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá mọ́, tàbí tí mò ń bi gbogbo ohun tí mo bá mu, kí n má dúró rárá, kí n sáré padà wá.

Ọ̀rọ̀ tó dáa ni gbogbo ẹ̀, àbí? Omi nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ó dùn mí wọ eegun. Mo ti tò sórí ìlà, mo ti bọ́ṣọ níwájú ẹni tí mo lè bí, wọ́n wá ní kí n lọ mu omi. Ṣé tí mo bá gbé ẹ́ńjìnnì tó kọ iṣẹ́ lọ bá mẹkáníìkì, tó ní kí n máa da omi sí i, ṣé màá tún gbé e lọ bá a? Mo ní, “Dókítà, ẹ la ikùn, ẹ yọ ọ́, kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi.”

Ó ní, “Bàbá, ṣé torí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa wó ilé ni?”

Mo ní tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni ilé, mo lè wó o. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ òògùn fún mi. Mo gba ìwé náà bíi pé wọ́n lé mi jáde ni.

Ibi tó kù sí fún un nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ìwọ ti dáa jù ú lọ. Ẹni tó bá ti fi agbára jẹun láti kékeré, tí o bá ní kó dúró, ó máa rò pé o kà á sí aláìjámọ́ nǹkan kan ni. Fún un níṣẹ́ ṣe. Sọ fún un pé ìtọ́jú ni, pé òun gan-an ni dókítà fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Kó máa ka ife, kó máa wo àwọ̀ ìtọ̀ ẹ̀, kó máa sẹ́ ẹ, kó máa rìn. Kí o tó jẹ́ kó lọ, ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n ní kí n tún un sọ lọ́jọ́ yẹn, “omi” ni mi ò bá sọ, wọn ò bá sì ti mọ̀ pé ìyókù ò wọlé.

Ìkẹrin. Má fi ẹni tó ti lọ síbòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ronú ọ̀rọ̀ náà bí dírẹ́bà ṣe ń ronú. Tí yanrìn bá dì mọ́ ìdí típà, kí là ń ṣe? À ń gbọ̀n ọ́n ni. Ni mo bá gbé lọ́rì òfìfo, mo wá ojú títì tó bàjẹ́ jù ní apá Ìkòsí, o mọ̀ pé ìyẹn ò ṣòroó wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gbogbo kòtò tó wà níbẹ̀. Mo lọ, mo bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà rò pé mo ti yó ni. Mò ń fo sókè lórí ìjókòó, mò ń sọ fún òkúta pé, “Bọ́ sílẹ̀.” Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, nǹkan já lóòótọ́. Sípíríǹgì ẹ̀yìn lápá òsì ni. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ bi mí ohun tó fà á, mo ní ọ̀nà Ìkòsí ni. Irọ́ kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó ìgò ní Kétu. Ó ní òògùn òun ń fọ́ òkúta, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń lajú, ó ń mú kí àna fẹ́ràn ẹni. Mo ra méjì. Ìlàjì ife ló ní kí n máa mu. Mo gbé ìgò kan mu lẹ́ẹ̀kan, torí mo fẹ́ kó mọ̀ pé dírẹ́bà ni mí. Ọjọ́ méjì gbáko, Àbẹ̀kẹ́, inú ilé ìyàgbẹ́ ni mo ń gbé. Àwọn ará ilé ń kan ilẹ̀kùn, mò ń bẹ̀ wọ́n. Omi díẹ̀ tó kù lára mi bá a lọ. Òkúta jókòó síbẹ̀ bíi ti inú odò tó gbẹ. Ìrora ìṣáájú yẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì ìyẹn ni o pè, tí mo ní ibà ni. O ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu omi dáadáa.” Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pa fóònù. Mo rò pé ṣe ni gbogbo ẹ̀yin oníṣègùn ti para pọ̀. Mi ò sọ òótọ́ fún ẹ torí mo mọ̀ ẹ́. Tí mo bá ní ọ̀nà ọ̀fun ń yún mi, o máa wọkọ̀ wálé. Ìdánwò tí o fi ọdún mẹ́ta múra ẹ̀ sílẹ̀, tí ìyá ẹ ń gbààwẹ̀ lé lórí, mi ò fẹ́ kí ó bàjẹ́ nítorí ìtọ̀ mi.

Nítorí náà, tí bàbá kan bá dé wọ́ọ̀dù ẹ tó ti gbé oríṣiríṣi mì, rọra bi í pé kí ni àti pé mélòó. Má rẹ́rìn-ín. Tí o bá rẹ́rìn-ín, kò ní sọ ìyókù, ìyókù yẹn gan-an ló sì lè ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Tó bá ní ibà ni òun sọ fún àwọn ọmọ òun, má bá a wí. Ìfẹ́ ni, àìmọ̀kan ló bá a dà pọ̀.

Èyí tó kù, mi ò mọ nọ́ńbà tó kàn mọ́.

Nígbà tí mo pàpà gbọ́ràn, mo mu omi bí ẹni tí wọ́n gbé kàǹga fún. Mo ń ka ife, mò ń fi ẹfun sàmì sára ògiri. Mo ń lo kápúsù. Ìrora ṣì wá lẹ́ẹ̀mejì, mo lo òògùn ẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ kẹtàlá, mò ń tọ̀ sínú asẹ́, nǹkan kan dún báyìí, tín. Mo gbé e sójú oòrùn. Ó dúdú díẹ̀, ó ní ẹ̀gún lára. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Mo gbé e lọ fún dókítà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá díẹ̀ nínú ẹ̀ padà fún mi. Wọ́n tún àwòrán yà, inú mọ́. Ó ní kí n má padà sí ìwà àtijọ́ torí ẹni tó bá ti ní ọ̀kan lè ní òmíràn: omi lójoojúmọ́, kí n dín iyọ̀ kù, ọsàn wẹ́wẹ́ dáa. Asẹ́ yẹn, èyí tí ìyá ẹ fi ń sẹ́ ògì ni. Mo ti sọ ọ́ nù, mo ti ra tuntun sípò ẹ̀. Tí o bá sọ fún un, màá ní èmi kọ́ ni mo bí ẹ.

Ní báyìí, ike omi ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọkọ̀ mi. Mò ń dúró tọ̀ ní Jẹ́bà, mò ń dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń dúró ní Ọ̀yọ́. Tòmátì ò tíì di ọbẹ̀ rí. Mo lọ bá Ẹ̀rọ-Omi, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò burú, pé oyè ni, pé òun lè pín in fún mi.

Ìwọ náà, ọmọ mi, mo ń wo ẹ̀yin nọ́ọ̀sì nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ẹ kì í jókòó. Ẹ ń bá gbogbo ayé mú ike omi dání, ẹ̀yin fúnra yín ò mu. Má ṣe bíi tèmi. Bó o bá wọṣẹ́, gbé omi tìẹ lọ. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ́, lọ tọ̀. Aláìsàn kì í ṣe tòmátì, wọn ò ní rà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Máa kí àwọn tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, àwọn ló kọ́kọ́ máa ń mọ ẹni tí kò tọ̀ láti àná. Bí dókítà bá bínú sí ẹ, gbọ́ ohun tó sọ, fi ìbínú sílẹ̀ fún un.

Mo ti pe ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn lọ́rì mi: BÀBÁ NỌ́Ọ̀SÌ. Ó bi mí bóyá kí òun ya abẹ́rẹ́ sí i, mo ní kó ya ife omi. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi láti Kánò dé Mile 12, tí kò bá mọ nǹkan míràn, ó máa mọ ìyẹn. Iṣẹ́ yìí á gbè ẹ́. Ọwọ́ ẹ á máa tu èèyàn lára. Orí tó mú mi rí ọjọ́ yìí kò ní jẹ́ kí n rí ìdojútì ẹ. Èmi bàbá ẹ tí inú ẹ̀ dùn ju ti ọba lọ ló fọwọ́ sí i.

Mo ti fọwọ́ sí i tán, mo wá rí i pé mi ò tíì sọ ohun tó mú mi gbọ́ràn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìgò yẹn, tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí o wọlé ìdánwò, wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi lọ́nà Ìṣẹ́rí Olówóòrá. Yàrá kan ló ní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pè é ní Dókítà, mi ò bi í ibi tó ti kọ́ ọ. Ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní òun ti rí i. Ó ní àwọn ọsibítù ńlá kàn ń fi èèyàn ṣeré, pé òun máa là á, kò ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, màá mú òkúta mi dání relé. Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ka àìsàn mi sí. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì, kí n má jẹun, kí n mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìnura méjì àti bíléèdì tuntun dání.

Bíléèdì. Mo rà á, ọmọ mi. Mo tilẹ̀ mú èyí tó dáa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìnura wà léjìká mi, mò ń lọ. Ìyá Ìbejì, obìnrin tó ń ta ike tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí tèmi, jókòó síbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọ àwo. Ògiri ilé wa ò nípọn, gbogbo ìkérora mi ló ti gbọ́, ó gbọ́ ti ilé ìyàgbẹ́, ó gbọ́ irọ́ ibà tí mo pa fún ẹ. Ó bi mí pé níbo. Mo sọ fún un tayọ̀tayọ̀, mo fi bíléèdì hàn án. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ dìde. Ó wo bíléèdì, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo èmi, ó fi omi ṣan àwo kan tán kó tó lanu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, mo sì yí padà lẹ́nu géètì, mo ju bíléèdì sí ààtàn, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sábẹ́ ẹ̀rọ kí n lè pọn omi mímu.

Ó ní, “Baba Rónkẹ́, ọmọ yín ò ní pẹ́ di nọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ pé ikú lẹ ń wá, ẹ dúró kó ṣe ìdánwò ẹ̀ tán, kó lè mọ ohun tó pa yín.”